Saturn ń padà bọ̀ lọ́dún 2026: ìbéèrè ọmọ ẹ̀gbọ́n mi nípa àtẹ ìbí

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ń yan ẹja tà l'Ẹ̀pẹ́. Ìdájí ló máa ń lọ sí Ọjà Olúwo, á ra ọ̀bọ̀kún àti àrọ̀, á kó wọn wálé sórí ààrò. Láti ọdún méjì ló ti ń tọ́jú owó kó lè mọ ààrò ńlá kejì. Láìpẹ́ yìí ló sanwó fún awòràwọ̀ kan lórí fóònù pé kó bá òun wo ọdún 2026. Onítọ̀hún ní plánẹ́ẹ̀tì Saturn ń bọ̀ wá jókòó lé owó rẹ̀ lórí, kó má dáwọ́ lé nǹkan kan títí di 2027. Ó sáré wá bá mi: "Àǹtí, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń kọ́ ọmọ ní Jọ́gíráfì, ẹ bá mi wò ó." Mo kọ àwọn ìbéèrè rẹ̀ sílẹ̀ bó ṣe bi mí, torí mo mọ̀ pé òun nìkan kọ́ ló ń ru irú ẹrù yìí kiri.

Àǹtí, kí ni wọ́n ń pè ní àtẹ ìbí gan-an?

Àwòrán ojú ọ̀run ni, bó ṣe rí láti ìlú tí wọ́n ti bí ọ, ní ìṣẹ́jú tí wọ́n bí ọ. Wọ́n á ya ohun roboto kan, wọ́n á pín in sí ọ̀nà méjìlá, ìpín kọ̀ọ̀kan jẹ́ dìgírì 30. Àgbò ni àkọ́kọ́, Akọ Màlúù tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà Ìbejì, Akàn, Kìnnìún, títí dé Ẹja tó kẹ́yìn. Bí o bá ń gbọ́ Aries, Taurus, Gemini, àwọn kan náà ni. Wọ́n á wá fi oòrùn, òṣùpá àti àwọn plánẹ́ẹ̀tì sí ibi tí kálukú wà lọ́jọ́ náà.

Ìpín mìíràn tún wà, òun ló sì dá wàhálà tìrẹ sílẹ̀. Wọ́n ń pè é ní ilé. Ilé méjìlá ni, láti ibi tó ń yọ nínú àtẹ náà lápá ìlà-oòrùn nígbà tí ọmọ ké ni wọ́n ti ń bẹ̀rẹ̀ sí í kà á. Ilé kìíní ni ara àti ìwà ẹni, ìkejì ni owó, ìkeje ìgbéyàwó, ìkẹwàá iṣẹ́ àti orúkọ. Bábílónì ni gbòǹgbò ọ̀rọ̀ yìí ti wá, àwọn Gíríìkì gbà á, Ptolemy tó gbé ní Alẹkisáńdíríà sì tò ó jọ ní nǹkan bí 1,900 ọdún sẹ́yìn. Mo bọ̀wọ̀ fún àwọn èèyàn yẹn. Ojú lásán ni wọ́n fi ń wo ọ̀run, síbẹ̀ wọ́n mọ ibi tí plánẹ́ẹ̀tì máa wà lọ́dún tó ń bọ̀.

Transit tó ń pariwo rẹ̀ ńkọ́? Ó ní 2026 kún fún un.

Àtẹ ìbí kì í yí padà, ojú ọ̀run kì í dúró. Transit ni pé kí a mú ibi tí plánẹ́ẹ̀tì wà lónìí, kí a gbé e lé àtẹ ọjọ́ ìbí rẹ. A ó wò ó bóyá èyí tòní bọ́ sórí èyí tọjọ́sí, bóyá ó dojú kọ ọ́ láti òdìkejì, tàbí ó wà ní dìgírì 90 sí i. Òṣùpá ń yí gbogbo àtẹ ká láàárín ọjọ́ 27 ó lé díẹ̀, nítorí náà kò sẹ́ni tó ń fi í wo ọdún. Àwọn tó ń fẹsẹ̀ wọ́lẹ̀ ni wọ́n ń kà sí ńlá: Jupiter ń lo nǹkan bí ọdún 12, Saturn ọdún 29 àti ààbọ̀, Uranus 84, Neptune nǹkan bí 165, Pluto 248.

Òótọ́ ló sì sọ, 2026 kún. Neptune wọ Àgbò ní ìparí oṣù kìíní, Saturn tẹ̀ lé e wọ ibẹ̀ ní oṣù kejì, àwọn méjèèjì pàdé ní ìbẹ̀rẹ̀ Àgbò ní ọjọ́ 20 oṣù kejì. Nǹkan bí ọdún 36 ni wọ́n fi ń pàdé lẹ́ẹ̀kan. Uranus máa kúrò nínú Akọ Màlúù bọ́ sí Ìbejì ní ìparí oṣù kẹrin. Jupiter wà nínú Akàn títí di ìparí oṣù kẹfà, kó tó bọ́ sí Kìnnìún. Pluto ti wà nínú Apọnmi (Aquarius), ó sì máa pẹ́ níbẹ̀.

Ṣùgbọ́n ro èyí wò: nǹkan bí ọdún 14 ni Neptune ń lò nínú ìpín kan. Gbogbo ọmọ tí wọ́n bí láàárín ọdún wọ̀nyẹn, l'Ẹ̀pẹ́, ní Kánò, ní Ṣáínà, ìpín kan náà ni Neptune wà fún wọn. Ẹni tó bá sọ pé Neptune ìbí rẹ ló sọ ọ́ di alálàá kò tíì sọ nǹkan kan nípa rẹ.

Ṣé lóòótọ́ ni Saturn ń bọ̀ sórí mi?

Bẹ́ẹ̀ ni, ibi tó wà nígbà tí a bí ọ ló ń padà sí. Ní ọjọ́ 28 oṣù kẹta 1997 tí a bí ọ, nǹkan bí dìgírì 10 nínú Àgbò ni Saturn wà. Lọ́dún yìí yóò dé ibẹ̀ ní oṣù karùn-ún, yóò fẹ̀yìn rìn gba ibẹ̀ kọjá ní oṣù kẹwàá, yóò sì tún gba ibẹ̀ síwájú ní ìbẹ̀rẹ̀ 2027. Ẹ̀ẹ̀mẹta. Ibẹ̀ ni "dúró di 2027" ti wá.

Fífẹ̀yìnrìn yẹn máa ń já àwọn èèyàn láyà, bẹ́ẹ̀ ojú wa ló ń rí i bẹ́ẹ̀. Ṣé o rántí bí a ṣe máa ń gba Ìtóìkín lọ sí Ìkòròdú? Bí ọkọ̀ wa bá ń sáré kọjá lára tírélà, tí o wo tírélà náà láti ojú fèrèsé, á dà bíi pé ó ń padà lọ sí Ẹ̀pẹ́. Iwájú ni tírélà ń lọ. Ayé tí a jókòó sí yá ju Saturn lọ, ọdọọdún ló ń sáré kọjá lára rẹ̀.

Kí ló dé tó fi jẹ́ owó mi ni ó ní ó máa bá jà?

Fara balẹ̀ gbọ́ èyí. Àtẹ tó fi ránṣẹ́ sí ọ, 5:35 ìdájí ló kọ sí i pé wọ́n bí ọ. Mo bi ọ́ pé níbo lo ti rí àkókò yẹn, o ní màmá rẹ ló sọ pé ìgbà tí wọ́n ń pe ìrun àsùbáà lòun bí ọ.

Mo wà níbẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún ni mí nígbà náà, èmi ni mo gbé àtùpà dání nínú yàrá torí kò sí iná. Mo gbọ́ ìpè àsùbáà lóòótọ́, ṣùgbọ́n màmá rẹ ṣì ń rọbí ni, o kò tíì dé. Nígbà tí o fi ké, mo ti pa àtùpà. Ojú fèrèsé ti mọ́, mo ń rí àwọn obìnrin tó ru agbọ̀n ẹja kọjá lọ sọ́jà. Ìwé pélébé tí nọ́ọ̀sì kọ ṣì wà nísàlẹ̀ àpótí màmá rẹ. Ó ti pọ́n, etí rẹ̀ ti jẹ, ṣùgbọ́n 6:50 ló wà lára rẹ̀, pẹ̀lú bíró aláwọ̀ búlúù.

Wò ó báyìí. Ibi tó ń yọ ní ìlà-oòrùn ń sún ní nǹkan bí dìgírì kan ní ìṣẹ́jú mẹ́rin mẹ́rin. Ní 5:35 ọjọ́ náà, Ẹja ló ń yọ l'Ẹ̀pẹ́. Ní 6:50, oòrùn ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ, Àgbò ló sì ń bá a yọ. Awòràwọ̀ yẹn ń ka ìpín kan sí ilé kan. Bí Ẹja bá jẹ́ ilé kìíní, Àgbò tí Saturn wà á di ilé kejì, ilé owó. Bí Àgbò bá jẹ́ ilé kìíní, ilé ara ni Saturn wà. Ká ní ìwé nọ́ọ̀sì lo fi ránṣẹ́ sí i ni, kì bá má dárúkọ owó rárá. Àìsàn ni ì bá fi dẹ́rù bà ọ́. Oṣù bíi mélòó lo fẹ́ fi ti ọwọ́ bọ àpò nítorí ìpè ìrun tí màmá rẹ rántí láàárín ìrora?

Mélòó nínú wa ló mọ ìṣẹ́jú tí wọ́n bí i? Àkùkọ kọ, ọkọ̀ ojú omi àárọ̀ ti lọ, wọ́n ti kírun tán: báyìí ni àwọn ìyá wa ṣe ń rántí. Ìlú pàápàá ń dá kún un. Ọmọ tí wọ́n bí l'Ágbádárìgì ní ìṣẹ́jú kan náà pẹ̀lú rẹ, ibi tó ń yọ fún un máa fi nǹkan bí dìgírì kan yàtọ̀ sí tìrẹ.

Ṣùgbọ́n Àǹtí, ohun tó sọ nípa ìwà mi bá mi mu rẹ́gí.

O kà á sí mi létí: o lọ́kàn rere, àwọn èèyàn ò mọ rírì rẹ, ò ń rẹ́rìn-ín síta ṣùgbọ́n iyèméjì ń dà ọ́ láàmú nínú. Dúró ní Ọjà Olúwo kí o kà á sókè, wo iye ẹni tó máa dáhùn pé "èmi nìyẹn." Ní 1948, olùkọ́ ìmọ̀ ọkàn kan ní Amẹ́ríkà, Bertram Forer, fún akẹ́kọ̀ọ́ 39 ní àpèjúwe ìwà, ó ní ti kálukú ni, kí wọ́n fún un ní máàkì bó bá ṣe bá wọn mu sí. Ní ìpíndọ́gba, 4.26 nínú 5 ni wọ́n fún un. Ọ̀rọ̀ kan náà ló kọ fún gbogbo wọn.

Shawn Carlson ṣe tirẹ̀ lórí àtẹ ìbí gan-an, àbájáde rẹ̀ jáde nínú ìwé ìròyìn Nature ní 1985. Ó fún àwọn awòràwọ̀ ní àtẹ ẹnì kan pẹ̀lú àpèjúwe ìwà ènìyàn mẹ́ta, ó ní kí wọ́n mú èyí tó jẹ́ ti ẹni tó ni àtẹ. Nǹkan bí ẹ̀ẹ̀kan nínú mẹ́ta ni wọ́n gbà á, iye tí ẹni tó dijú mú máa gbà.

Òṣùpá ń fa òkun. Kí ló dé tí Saturn ò fi lè fa èèyàn?

Òótọ́ ni ti òṣùpá. L'Ágbádárìgì o rí bí òkun ṣe ń kún tó sì ń fà. Òṣùpá ló ń ṣe èyí tó pọ̀ jù níbẹ̀, oòrùn ń ràn án lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n irú agbára yìí máa ń tán kíákíá bí nǹkan bá ṣe ń jìnnà sí wa. Àgùàlà, tí wọ́n ń pè ní Venus, kódà nígbà tó bá sún mọ́ wa tán, agbára tó fi ń fa òkun kò tó ìdá kan nínú 10,000 ti òṣùpá. Saturn tún jìnnà jù ú lọ fíìfíì.

Ṣé kò jọ ẹsẹ̀ńtáyé?

Rárá. Babaláwo tó ń wo ẹsẹ̀ńtáyé ọmọ tuntun, odù Ifá ló ń wò, kò wo ojú ọ̀run. Ohun tí òbí ń wá níbẹ̀ ló jọra, wọ́n fẹ́ mọ irú ọmọ tó wá sọ́dọ̀ wọn. Mi ò ní fi ọ̀kan ṣe ẹlẹ́rìí èkejì.

Kí n mọ ààrò náà àbí kí n dúró?

Mọ ọ́n. Àwọn àgbà ní Àgùàlà ń bá oṣù rìn, wọ́n ṣe bí ajá oṣù ni. Òwe yẹn ló bá ọ̀rọ̀ rẹ mu jù lọ. Gbogbo ẹni tó bá ń sún mọ́ ọgbọ̀n ọdún ni Saturn ń padà bá, nítorí iye ọdún tó ń lò nìyẹn. Ọjọ́ orí yẹn náà ni wọ́n ń béèrè ọkọ lọ́wọ́ rẹ, tí owó ilé ìwé àbúrò ń já lé ọ léjìká, tí ẹ̀yìn ìyá rẹ bẹ̀rẹ̀ sí í dùn ún. Bí nǹkan bá le lásìkò yẹn, Saturn á gba orúkọ iṣẹ́ tí kò ṣe.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá o sọ fún mi pé o fi agbọ̀n ọ̀bọ̀kún méjì sílẹ̀ fún ẹlòmíì torí ààrò rẹ kún. Ìyẹn ni mo gbà bí àmì. Òjò oṣù kẹfà ni kí o máa ṣọ́: kí amọ̀ ààrò ti gbẹ kó tó dé, kí o sì ti kó igi pamọ́ sábẹ́ páànù. Kọ iye tí o ra agbọ̀n ẹja fún oṣù mẹ́ta sílẹ̀, kí a jọ wo èrè tó kù. Bí o bá tún fẹ́ máa gbé àtẹ ìbí rẹ síwájú láti ronú nípa ayé rẹ, mi ò bá ọ wí. Má ṣáà jẹ́ kí ó di kọ́kọ́rọ́ àpótí owó rẹ.

Ṣé mo lè fi ojú mi rí Saturn ọ̀hún?

O lè rí i, inú mi sì dùn pé o béèrè. Ní ọjọ́ 4 oṣù kẹwàá ọdún yìí, Ayé máa wà láàárín oòrùn àti Saturn. Bí oòrùn bá ti ń wọ̀, Saturn á máa yọ ní ìlà-oòrùn, á sì wà lókè títí ilẹ̀ á fi mọ́. Àwọ̀ rẹ̀ dà bíi ti òróró, kì í ṣẹ́jú bí àwọn ìràwọ̀. Àdúgbò àwọn ìràwọ̀ Ẹja lo máa ti bá a, bí àtẹ tilẹ̀ ní inú Àgbò ló wà, nítorí Ayé ń mì bí òkòtó tó ń yí, ìgbà kan ní nǹkan bí ọdún 26,000. Láti ayé Ptolemy títí di òní, àwọn ìràwọ̀ ti sún kúrò lábẹ́ orúkọ tí wọ́n fún wọn.

Bí o bá ti kó ẹja kúrò lórí ààrò lálẹ́ ọjọ́ náà, wá pè mí. A ó jọ sọ̀ kalẹ̀ lọ sétí ọ̀sà. Bí a bá kọjú sí omi, ọwọ́ òsì wa ló máa wà. Màá yá ẹ̀rọ awòjìnnà kékeré ilé ìwé wa, bí ìkùukùu bá sì gbà wá láyè, màá fi òrùka rẹ̀ hàn ọ́.