Bí mitokọ́ńdríà ṣe ń gba kálísíọ́mù nínú sẹ́ẹ̀lì alátìlẹ́yìn ọpọlọ

Ástrósáìtì, ọ̀kan lára àwọn sẹ́ẹ̀lì tó ń ti níúrọ́ọ̀nù (sẹ́ẹ̀lì tó ń gbé ìròyìn nínú ọpọlọ) lẹ́yìn, kì í fi iná mànàmáná ránṣẹ́. Kálísíọ́mù ló fi ń sọ̀rọ̀. Bí ara rẹ̀ bá balẹ̀, kálísíọ́mù inú omi rẹ̀ kì í ju nǹkan bíi 100 nánómólà lọ, bẹ́ẹ̀ ti ìta sẹ́ẹ̀lì fi nǹkan bí ìlọ́po 10,000 jù ú lọ.

Nígbà tí kẹ́míkà ìròyìn bíi noradrenaline tàbí ATP (èyí tí sẹ́ẹ̀lì tún ń ná bí agbára) láti ìta bá kan olùgbà lára awọ sẹ́ẹ̀lì, enzyme kan a gé ọ̀rá inú awọ náà, IP3, ìránṣẹ́ kékeré kan nínú sẹ́ẹ̀lì, a sì já bọ́. IP3 yìí ló ń ṣí ilẹ̀kùn endoplasmic reticulum, àká tí sẹ́ẹ̀lì ń kó kálísíọ́mù pa mọ́ sí.

Awọ méjì ni mitokọ́ńdríà, ẹ̀yà inú sẹ́ẹ̀lì tó ń ṣe ATP tó sì ń gba lára kálísíọ́mù yìí, ní. Ti ìta rọrùn láti kọjá, nítorí ihò VDAC pọ̀ lára rẹ̀. Ti inú ni iṣẹ́ wà. MCU, ihò tí kálísíọ́mù ń gbà wọlé, ni ẹnu-ọ̀nà pàtàkì ibẹ̀. Ó ti pẹ́ tí wọ́n ti mọ̀ pé ihò náà wà, ṣùgbọ́n 2011 ni wọ́n tó mọ prótéènì tó jẹ́. Inú mitokọ́ńdríà jẹ́ nẹ́gẹ́tíìfù pẹ̀lú nǹkan bí 180 mílífóòtì, agbára yìí ló sì ń fa kálísíọ́mù wọlé.

Àmọ́ MCU kì í tètè dáhùn. MICU1, ẹ̀ṣọ́ rẹ̀, ń dí i pa títí kálísíọ́mù yóò fi pọ̀ gan-an. Báwo wá ni ìpè kálísíọ́mù tí kì í sábà ju máíkírómólà kan (nánómólà 1,000) lọ ṣe ń wọlé? Ibi tí mitokọ́ńdríà dúró sí ni. Ó máa ń fara ti endoplasmic reticulum, àlàfo àárín wọn kò ju 10 sí 30 nánómítà lọ. Lójú ilẹ̀kùn àká náà gan-an, kálísíọ́mù lè fi ìlọ́po 10 ju ti ìyókù sẹ́ẹ̀lì lọ. Ẹni tó bá wọn gbogbo sẹ́ẹ̀lì pọ̀ kò ní rí i rárá.

Tó bá ti wọlé, ó ń ru pyruvate dehydrogenase àti enzyme méjì mìíràn sókè, ATP a sì pọ̀ sí i. ATP yìí níṣẹ́: glutamate (kẹ́míkà ìròyìn níúrọ́ọ̀nù) kan tí ástrósáìtì bá gbá mọ́ ń mú sódíọ́mù 3 wọlé, ATP ni a sì fi ń lé wọn padà síta. Abájọ tí Miro1, tó ń so mitokọ́ńdríà mọ́ ohun tó ń gbé e rìn, fi ń dá a dúró níbi tí kálísíọ́mù bá ti ga.

NCLX, prótéènì mìíràn lára awọ inú, ló ń mú kálísíọ́mù jáde, sódíọ́mù 3 fún kálísíọ́mù 1, ṣùgbọ́n ó lọ́ra ju MCU lọ. Nítorí náà, bí ìpè bá tẹ̀ léra jù, ẹrù a wúwo. Ihò ńlá kan a ṣí lára awọ inú, ohun tó tó 1,500 dáltọ̀n a máa gbà á kọjá, agbára iná a ṣubú, mitokọ́ńdríà a wú. Ẹ̀rọ tó ń ṣe ATP a tún yí padà, a máa jẹ ATP. Kì í ṣe gbogbo ìṣísílẹ̀ ló burú, ṣá o: nínú àwọn ẹ̀ka wẹ́wẹ́ ástrósáìtì, ihò yìí lè ṣí fúngbà díẹ̀ kó tú kálísíọ́mù kékeré jáde, kó sì padé.

Àwọn tó ń ṣàyẹ̀wò gbogbo èyí máa ń lo oògùn, ṣùgbọ́n oògùn ń kan nǹkan mìíràn. Cyclosporin A ń dá ihò náà dúró, ṣùgbọ́n ó ń di calcineurin, enzyme mìíràn, lọ́wọ́ pẹ̀lú. FCCP, kẹ́míkà kan, ń pa agbára iná awọ inú, ó sì ń pa ATP mọ́ ọn. Yíyọ jíìnì MCU kúrò ló mọ́ jù nínú àyẹ̀wò.