Òkú Ta Ni Akẹ́kọ̀ọ́ Ìṣègùn Ń Là? Ìtàn Bí Ẹ̀kọ́ Ẹ̀yà Ara Ṣe Bẹ̀rẹ̀

Ẹni tó bá wọ ilé-ẹ̀kọ́ ìṣègùn òyìnbó, yálà ní Ìbàdàn tàbí ní Edinburgh, ohun méjì ló máa ń kọ́kọ́ bá pàdé. Àkọ́kọ́ ni anátọ́mì, ìyẹn ẹ̀kọ́ nípa ẹ̀yà ara. Èkejì ni fisiọ́lọ́jì, ẹ̀kọ́ nípa bí ẹ̀yà wọ̀nyẹn ṣe ń ṣiṣẹ́. Lónìí, ìwé ńlá, àwòrán mèremère àti ìdánwò tí kì í jẹ́ kéèyàn sùn ló kún inú wọn. Àmọ́ kí akẹ́kọ̀ọ́ tó lè mú ọ̀bẹ, òkú gbọ́dọ̀ ti ibì kan wá, ibi tó sì ti ń wá ló mú mi kọ ìtàn yìí.

Àwọn Gíríìkì tó ń gbé Alẹkisáńdíríà nílẹ̀ Íjíbítì ti la òkú ènìyàn rí, ní nǹkan bí 300 ọdún ṣáájú ìbí Jésù. Herophilus àti Erasistratus ni orúkọ àwọn méjì tó gbajúmọ̀ jù nínú wọn. Lẹ́yìn wọn, iṣẹ́ náà dáwọ́ dúró. Nígbà tí Galen, dókítà Gíríìkì kan, dé ní ọ̀rúndún kejì, ọ̀bọ àti ẹlẹ́dẹ̀ ló ń là. Ohun tó rí nínú ọ̀bọ ló kọ sílẹ̀ fún ọmọ ènìyàn, aráyé sì gbà á gbọ́ fún nǹkan bí 1,300 ọdún.

Ní Bologna, ní ilẹ̀ Ítálì, ni òkú ènìyàn ti padà wọ kíláàsì. Mondino de Luzzi la ọ̀kan níwájú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ ní 1315, ó sì parí ìwé rẹ̀ lórí iṣẹ́ náà lọ́dún tó tẹ̀ lé e. Àmọ́ nígbà tí àṣà náà fi máa fìdí múlẹ̀ ní àwọn yunifásítì Yúróòpù, olùkọ́ ti kúrò nídìí òkú. Á jókòó sórí àga gíga, á máa ka ìwé lédè Látìn. Onígbàjámọ̀ ló ń fi ọ̀bẹ gé ara nísàlẹ̀. Ẹnì kẹta á mú ọ̀pá dání, á máa tọ́ka síbi tí olùkọ́ ń kà. Akẹ́kọ̀ọ́ ní tirẹ̀ dúró, ó ń wò. Bí ohun tó wà nínú òkú bá yàtọ̀ sí ohun tí Galen kọ, òkú ni wọ́n ń dá lẹ́bi.

Andreas Vesalius, ọmọ Brussels, ló ba àṣà yìí jẹ́. Nígbà tó ṣì ń kẹ́kọ̀ọ́ ni òun àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan ti rí egungun ọ̀daràn tí wọ́n yẹgi fún lẹ́yìn odi ìlú Louvain. Ó gun òpó náà lọ, ó já egungun náà, ó sì yọ́ gbé e wọlé díẹ̀díẹ̀. Ní 1537 ó di olùkọ́ ní Padua, kò tíì pé ọmọ ọdún 23. Ó sọ̀ kalẹ̀ lórí àga, ó gba ọ̀bẹ lọ́wọ́ onígbàjámọ̀. Ìwé ńlá rẹ̀ tó jáde ní Basel ní 1543 fi hàn pé egungun kan ni àgbọ̀n ìsàlẹ̀ ènìyàn, kì í ṣe méjì bí Galen ti wí. Ọ̀rọ̀ kékeré nìyẹn létí wa, ṣùgbọ́n níbẹ̀ ni òkú ti jàre ìwé.

Síbẹ̀, bí wọ́n bá ní kí n mú ọdún kan tí ẹ̀kọ́ tí a mọ̀ lónìí bẹ̀rẹ̀, mi ò ní mú 1543 tí àwọn òpìtàn fẹ́ràn. 1746 ni mo máa mú. Ọdún yẹn ni William Hunter, ará Scotland kan tó ń gbé London, fi ìpolówó síta pé akẹ́kọ̀ọ́ tó bá wá sọ́dọ̀ òun yóò fọwọ́ ara rẹ̀ la òkú ní gbogbo ìgbà òtútù, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti ń ṣe ní Paris. Ṣáájú àsìkò yìí, òkú kan ṣoṣo lè tó igba akẹ́kọ̀ọ́, nítorí ojú ni wọ́n fi ń kọ́ ọ. Bó bá jẹ́ pé kálukú ló fẹ́ mú ọ̀bẹ, òkú mélòó ló máa tó?

Òfin kò ní ìdáhùn sí ìyẹn. Láti 1540 ni Ọba Henry Kẹjọ ti ní kí wọ́n máa fún ẹgbẹ́ àwọn onígbàjámọ̀ àti oníṣẹ́ abẹ London ní òkú mẹ́rin lọ́dún, ti àwọn tí wọ́n yẹgi fún. Òfin 1752 fi kún un pé wọn kò gbọdọ̀ sin apànìyàn tí ìjọba pa, àfi tí wọ́n bá kọ́kọ́ là á. Ìjìyà ni wọ́n pè é, kí ẹ̀rù lè ba àwọn tó kù. Ṣùgbọ́n ọ̀daràn tí wọ́n ń pa kò tó nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọgọ́rọ̀ọ̀rún akẹ́kọ̀ọ́.

Bí iṣẹ́ híhú òkú ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Lójú òfin Gẹ̀ẹ́sì, òkú kì í ṣe ohun ìní ẹnikẹ́ni, nítorí náà ẹ̀ṣẹ̀ kékeré ni ẹni tó jí i gbé dá. Aṣọ tí wọ́n fi sin ín ló ní olówó. Ẹni tó bá mú aṣọ ti di olè gidi. Ẹ wo ọgbọ́n àwọn olè: wọn á bọ́ òkú síhòòhò, wọn á ju aṣọ rẹ̀ padà sínú kòtò, wọn á bo ilẹ̀, wọn á sì gbé òkú lọ tà. Ìgbà òtútù ni ọjà ń yá jù, torí òkú kì í tètè rà nígbà yẹn. Àwọn olówó Scotland ń fi àgò irin bo sàréè wọn, àwọn mìíràn ń háyà ọdẹ. Tálákà kò ní nǹkan kan tó máa fi bo tirẹ̀.

Edinburgh ló burú jù. Robert Knox, olùkọ́ anátọ́mì tó ní ilé-ẹ̀kọ́ tirẹ̀ níbẹ̀, ní akẹ́kọ̀ọ́ tó lé ní 400, gbogbo wọn ló sì ti sanwó. Ní oṣù kọkànlá 1827, ọmọ ogun kan tó ti fẹ̀yìn tì kú sínú ilé tí William Hare fi ń gba àlejò ní West Port, ó sì jẹ Hare ní pọ́n-ùn 4. Kí gbèsè yẹn má baà wọmi, Hare àti ayálégbé rẹ̀, William Burke, kó èèpo igi sínú pósí, wọ́n gbé òkú lọ sọ́dọ̀ àwọn ọmọ iṣẹ́ Knox. Pọ́n-ùn 7 àti ṣílè 10 ni wọ́n gbà. Wọn kò pa ẹni yẹn o. Ṣùgbọ́n owó ti wọ̀ wọ́n lójú, ṣé wọ́n á wá máa dúró de ẹni tí yóò kú fúnra rẹ̀?

Kí oṣù kẹwàá 1828 tó parí, ènìyàn 16 ni wọ́n ti pa. Ọtí ni wọ́n fi ń tan àlejò àti àwọn òtòṣì obìnrin wọlé. Bí ọtí bá ti pa wọ́n, wọ́n á dí wọn nímú àti lẹ́nu títí ẹ̀mí á fi bọ́, kí àpá má baà hàn lára. Ọ̀kan nínú àwọn tí wọ́n pa jẹ́ ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí orí rẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ pé, tí gbogbo ìlú mọ̀. Wọ́n ní nígbà tí wọ́n ṣí aṣọ lójú rẹ̀ ní kíláàsì, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mọ̀ ọ́n. Knox ní òun kọ́ o, iṣẹ́ sì ń lọ.

Nígbà tí ọwọ́ tẹ̀ wọ́n, Hare jẹ́rìí ta ko ẹnì kejì rẹ̀, ó sì lọ ní tirẹ̀. Wọ́n yẹgi fún Burke ní ọjọ́ 28 oṣù kìíní 1829, wọ́n sì là á gẹ́gẹ́ bí òfin ti wí. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí kò ráyè wọlé wò ó dá wàhálà sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Egungun rẹ̀ ṣì wà ní yunifásítì Edinburgh títí dòní. Ní ti Knox tó ń sanwó, kò sẹ́ni tó pè é lẹ́jọ́.

Ìlú wá gbóná. Ní oṣù kejìlá 1831, ní Aberdeen, ajá kan hú ẹran ara ènìyàn jáde lẹ́yìn ilé-ẹ̀kọ́ anátọ́mì. Àwọn èrò dáná sun ilé náà. Oṣù kan ṣáájú, ní London, àwọn ọkùnrin kan gbé òkú ọmọdékùnrin kan lọ tà ní King's College. Olùkọ́ ibẹ̀ fura pé òkú náà kò tíì wọ ilẹ̀ rí, ó sì ránṣẹ́ pe ọlọ́pàá. Wọ́n yẹgi fún méjì nínú wọn.

Òfin Anátọ́mì ti 1832 ló fòpin sí híhú òkú. Ó ní ilé-ẹ̀kọ́ lè gba òkú ẹni tó bá kú sí ọsibítù tàbí ilé tí wọ́n ń kó àwọn aláìní sí, bí kò bá sí ẹbí tó wá gbà á. Ìdájọ́ tí wọ́n ti fi ń halẹ̀ mọ́ apànìyàn wá di ìpín ẹni tí ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ kò ju òṣì lọ. Ọ̀mọ̀ràn Jeremy Bentham fínnúfíndọ̀ fi òkú tirẹ̀ sílẹ̀ fún wọn lọ́dún yẹn kan náà; ìwọ̀nba díẹ̀ ló tẹ̀ lé e.

Abẹ́ òfin yìí ni àwọn ènìyàn tiwa wọ ìtàn náà. Ní 1855 ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, tí ibà ń pa àwọn dókítà rẹ̀ ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, rán ọ̀dọ́mọkùnrin mẹ́ta láti Sàró lọ kọ́ ìṣègùn ní King's College yẹn gan-an. William Broughton Davies, ọmọ àwọn Yorùbá tí wọ́n gbà sílẹ̀ lóko ẹrú, wà lára wọn. Lẹ́yìn rẹ̀ ni Nathaniel King lọ, ó sì gboyè ní Scotland. Obadiah Johnson gba tirẹ̀ ní Edinburgh. Ohun tó máa ń yà mí lẹ́nu nìyí: ọmọ ẹni tí wọ́n ti tà lẹ́rú rí dúró nínú òtútù Scotland, ọ̀bẹ lọ́wọ́, nídìí òkú tálákà òyìnbó tí kò ní ẹbí.

Lódìkejì òkun, nǹkan rí bákan mìíràn. Ní 1852 ilé-ẹ̀kọ́ ìṣègùn Georgia ní Augusta, ní Amẹ́ríkà, ra ẹrú kan tó ń jẹ́ Grandison Harris ní 700 dọ́là. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó máa lọ sí itẹ́ òkú àwọn aláwọ̀ dúdú lóru, kó máa hú wọn wá fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Wọ́n rí egungun wọn lábẹ́ ilé náà ní 1989.

Àwọn obìnrin pẹ̀lú kò rí ọ̀nà gbà lọ́fẹ̀ẹ́. Ní ọjọ́ 18 oṣù kọkànlá 1870, Sophia Jex-Blake àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ń lọ ṣe ìdánwò anátọ́mì ní Edinburgh. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ọkùnrin dí ẹnu ọ̀nà, wọ́n ń ju ẹrẹ̀ lù wọ́n. Nígbà tí wọ́n ráyè wọlé tán, àwọn kan ti àgùntàn wọ inú gbọ̀ngàn. Olùkọ́ wọn ní kí wọ́n fi àgùntàn náà sílẹ̀, torí ó gbọ́n ju àwọn tó rán an wá lọ. Yunifásítì kò fún wọn lóyè. Ní 1929 ni Agnes Yewande Savage gboyè níbẹ̀, òun ni obìnrin àkọ́kọ́ láti Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà tó di dókítà ìṣègùn òyìnbó. Ibẹ̀ náà ni bàbá rẹ̀, Richard Akinwande Savage, dókítà ọmọ Èkó, ti kàwé.

Fisiọ́lọ́jì ńkọ́? Ó pẹ́ kí akẹ́kọ̀ọ́ tó fọwọ́ kàn án. Lóòótọ́, láti 1628 ni William Harvey, tó kàwé ní Padua, ti fi ìṣirò hàn pé ẹ̀jẹ̀ ń yí po nínú ara ni. Ní 1847 ni Carl Ludwig ní Jámánì ṣe ẹ̀rọ kan: àgbá tó ń yí, tí wọ́n fi bébà tí èéfín ti sọ di dúdú bò, abẹ́rẹ́ sì ń ya bí ara ṣe ń ṣiṣẹ́ sórí rẹ̀. William Sharpey tó ń kọ́ni ní London kò ní in, fìlà rẹ̀ ló máa ń yí lọ́wọ́ kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ lè fojú inú wo bí àgbá ṣe ń yí. Michael Foster, akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀, dé Cambridge ní 1870, ó sì jẹ́ kí akẹ́kọ̀ọ́ fúnra wọn máa fi ọ̀pọ̀lọ́ dánrawò. Àwọn dókítà wa tó ti dàgbà ṣì rántí àgbá eléèéfín yẹn àti bí ó ṣe ń ba kóòtù funfun jẹ́.

Kí iṣẹ́ yìí tó ṣeé ṣe nílẹ̀ wa, ohun kan ṣì kù. Ooru ilẹ̀ wa kò ní jẹ́ kí òkú dúró de akẹ́kọ̀ọ́. Fọ́málìn, oògùn olómi kan, ló yanjú ìyẹn, lẹ́yìn tí Ferdinand Blum ṣàkíyèsí ní 1893 pé ó máa ń mú ẹran ara le, tí kò sì ní jẹ́ kó rà. Ilé-ẹ̀kọ́ ìṣègùn Yaba ṣí ní 1930, ṣùgbọ́n ìwé-ẹ̀rí rẹ̀ kò kọjá ẹnu bodè Nàìjíríà. Ní 1948 wọ́n kó àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Yaba lọ sí Ẹlẹ́yẹlé n'Ìbàdàn, níbi tí yunifásítì tuntun ti bẹ̀rẹ̀. Anátọ́mì àti fisiọ́lọ́jì ni àwọn oníṣègùn ń kọ́ níbẹ̀, kí wọ́n tó lọ London lọ kọ́ ìyókù lọ́dọ̀ aláìsàn. Ní 1957 ni UCH, ọsibítù ńlá yunifásítì náà, ṣí.

Òfin 1832 náà bá wọn dé. Títí di báyìí, òkú tí kò ní olóhun ní mọ́ṣúárì ìjọba ni òfin Nàìjíríà yọ̀ǹda fún ilé-ẹ̀kọ́. Ìwádìí kan tó jáde nínú ìwé ìròyìn Clinical Anatomy ní 2011 fi hàn pé ó lé ní ìdá 90 nínú 100 òkú tí wọ́n ń lò tó jẹ́ ti àwọn tí wọ́n kọ sílẹ̀ pé ọ̀daràn tí wọ́n yìnbọn pa ni wọ́n. Kò sí ọ̀kan tó fínnúfíndọ̀ fi ara rẹ̀ sílẹ̀. Ní 2021 BBC ròyìn akẹ́kọ̀ọ́ kan ní gúúsù Nàìjíríà tó wọ kíláàsì anátọ́mì, tó rí ọ̀rẹ́ rẹ̀ lórí tábìlì, ihò ọta ìbọn lára rẹ̀. Àwọn ẹbí ti ń wá ọmọ náà láti àgọ́ ọlọ́pàá kan dé òmíràn. Akẹ́kọ̀ọ́ yẹn ló kàn sí wọn, wọ́n sì rí òkú rẹ̀ gbà níkẹyìn. Àwọn onímọ̀ anátọ́mì Nàìjíríà ti ń bẹ ìjọba pé kí wọ́n yí òfin náà padà, kí mọ́ṣúárì máa fi ìtàn òkú kọ̀ọ̀kan ránṣẹ́ pẹ̀lú rẹ̀, kí ẹbí sì ti fọwọ́ sí i.