Mọ́ọ̀dù lítà kan kò gba kílò epo kan

Ọ̀rọ̀ kan wà tí kì í tán láàárín àwọn tó ń ṣe ọṣẹ, nípa mọ́ọ̀dù, ìyẹn ohun tí à ń da ọṣẹ tútù tí kò tíì dì sí kó lè dì: "Bu omi kún mọ́ọ̀dù rẹ, gbé omi náà lé òṣùwọ̀n. Iye gíráàmù omi yẹn ni iye epo tí wàá lò." Bí a bá já a lónìí, ẹlòmíì á tún gbé e wá lọ́la, bíi pé ọṣẹ ò ṣàn kiri orí tábìlì rí.

Ìdajì ọ̀rọ̀ náà kúkú tọ́. Gíráàmù omi kan ń gba àyè mílílítà kan, nítorí náà bí omi inú mọ́ọ̀dù bá wọn gíráàmù 1,200, àyè mílílítà 1,200 ló wà níbẹ̀. Bó bá jẹ́ mọ́ọ̀dù onípákó tó ń jò, rúlà la máa fi wọn inú rẹ̀, kì í ṣe ẹ̀yìn: gígùn sẹ̀ǹtímítà 25, fífẹ̀ 8, gíga 6. 25 lọ́nà 8 lọ́nà 6, 1,200 náà ni. Gíga tí à ń wí ni ibi tí o fẹ́ kí ọṣẹ dé, kì í ṣe etí mọ́ọ̀dù. Tó bá jẹ́ róbótó, ìdajì ìbú ẹnu rẹ̀ lọ́nà ara rẹ̀, lọ́nà 3.14, lọ́nà gíga. Ẹni tó bá lo odindi ìbú yóò rí ìlọ́po mẹ́rin, á sì máa bú mọ́ọ̀dù.

Ìbéèrè tí wọn kì í dáhùn nìyí: níbo ni omi kọ́sítíìkì, ìyẹn kọ́sítíìkì sódà tí a yọ́ sínú omi láti fi sọ epo di ọṣẹ, fẹ́ dúró sí? Gbogbo ohun tó wà nínú ọpọ́n ló ni àyè 1,200 yẹn, kì í ṣe epo nìkan. Epo tiẹ̀ fúyẹ́ ju omi lọ. Lítà kan rẹ̀ wọn bíi gíráàmù 910 sí 920. Gíráàmù 1,200 epo nìkan ti gba bíi mílílítà 1,320, ó ti kún mọ́ọ̀dù kọjá etí kí a tó fọwọ́ kan kọ́sítíìkì. Bí omi bá wá jẹ́ ìdá 38 nínú ọgọ́rùn-ún epo, bí ọ̀pọ̀ ìlànà ti ń sọ, omi kọ́sítíìkì á tún gba bíi 480. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 1,800. Mílílítà 600 ọṣẹ tútù wá ń wá ilé.

Wọ́n á ní kọ́sítíìkì ń yọ́ sínú omi ni, kì í gba àyè. Òótọ́ díẹ̀ wà níbẹ̀: da gíráàmù 100 kọ́sítíìkì sínú omi 266, nígbà tó bá tutù, bíi mílílítà 15 péré ló fi lé. Àmọ́ omi ńkọ́? Ṣé òun náà yọ́ ni?

Ohun tó súnmọ́ òótọ́ ni pé kí o fi 0.65 sí 0.7 lọ́nà iye mílílítà mọ́ọ̀dù, ohun tó bá jáde ni gíráàmù epo. Iye omi ló ń sọ èwo nínú méjèèjì. Fún mọ́ọ̀dù 1,200 wa, bí omi bá jẹ́ ìdá 38 yẹn, 0.65 ni: epo 780, àpapọ̀ rẹ̀ bíi mílílítà 1,170. Bí omi bá jẹ́ ìlọ́po méjì kọ́sítíìkì péré, 0.7 bọ́ sí i: epo 840, àpapọ̀ bíi 1,190. Lo 840 pẹ̀lú omi ìdá 38, á dà sílẹ̀.

Síbẹ̀ mi ò ní búra lórí nọ́ńbà yìí. Kílò òróró àgbọn ń fẹ́ kọ́sítíìkì bíi gíráàmù 183, ti ólífì ò ju bíi 135 lọ, ìyẹn sì ń yí iye omi padà. Bléńdà tó bá gbé afẹ́fẹ́ wọ inú ọṣẹ ń wú u. Mọ́ọ̀dù sílíkóònù sì máa ń yọ ikùn síta bó bá kún, ó lè gbà ju ohun tí rúlà sọ lọ.

Bí ọṣẹ bá ṣẹ́kù, má sáré gbé abọ́ alumíníọ́mù: kọ́sítíìkì ń jẹ ẹ́, ó sì ń tú gáàsì haidirójìn tó lè gbiná. Abọ́ ike kékeré ni kí o gbé sí tòsí kí o tó bẹ̀rẹ̀. Má bọ́ ìbọ̀wọ́ nítorí pé iṣẹ́ ti fẹ́ẹ̀ parí; ọṣẹ tútù ṣì ń jó awọ ara. Àwọn tó sì máa ń bu epo dínkù kí ọṣẹ lè wọ mọ́ọ̀dù, tí wọ́n fi kọ́sítíìkì sílẹ̀ bó ṣe wà, ọṣẹ tó ń bó ọwọ́ ni wọ́n ń dà sínú mọ́ọ̀dù yẹn.