Agbára ẹṣin: kí ni nọ́ńbà yẹn ń sọ nípa Ìjàpá àti Peugeot 504?

Ọdún 1975 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í to ọkọ̀ méjèèjì pọ̀ ní Nàìjíríà: Peugeot ní Kaduna, Volkswagen tí a mọ̀ sí Ìjàpá lójú ọ̀nà Àgbádárìgì ní Èkó. Títí di òní, bí àwọn àgbà awakọ̀ bá ń jiyàn lórí wọn, agbára ẹṣin ni wọ́n máa ń fà yọ. Ìjàpá 1600 (ẹ́ńjìnnì onílítà 1.6) ti ọdún 1971 ní ẹṣin 50. 504 onílítà méjì ti ọdún náà, tó ń lo kábúrétọ̀ (ohun tó ń po epo pọ̀ mọ́ atẹ́gùn), ní 93. Ṣé ẹjọ́ ti parí nìyẹn? Rárá o.

James Watt, ará Scotland, ló sọ ẹṣin di òṣùwọ̀n iṣẹ́ ẹ̀rọ, torí ẹṣin làwọn èèyàn ń lò kí ẹ̀rọ rẹ̀ tó dé. Nínú ìwé ọkọ̀ ti Yúróòpù, ẹṣin kan ni agbára tó lè gbé kílò 75 sókè ní mítà kan láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan.

Àmọ́ ọkọ̀ ń gbé ara rẹ̀ kó tó gbé èèyàn. Ìjàpá wọn bíi kílò 870, 504 bíi 1,200. Ẹ pín in: ẹṣin kọ̀ọ̀kan nínú Ìjàpá ń fa bíi kílò 17, ti 504 ń fa bíi 13. Ẹ wá kó èrò márùn-ún àti ẹrù wọn sínú 504, kí gbogbo rẹ̀ jẹ́ kílò 400. Ẹṣin kọ̀ọ̀kan á ṣẹ̀ṣẹ̀ máa fa kílò 17, ìyẹn ohun tí ti Ìjàpá ń fà nígbà tí kò sẹ́nì kankan nínú rẹ̀, àní awakọ̀ pàápàá. Lójú tèmi, ibẹ̀ ni 504 ti gba ọ̀nà jíjìn mọ́ Ìjàpá lọ́wọ́.

Ti eré àsápajúdé yàtọ̀, torí atẹ́gùn ló ń dínà níbẹ̀. Kí eré tó di ìlọ́po méjì, agbára ní láti di ìlọ́po mẹ́jọ. Ìdí nìyẹn tí ẹṣin 50 fi ń sá tó kìlómítà 130 ní wákàtí kan, tí 93 kò sì kọjá bíi 160.

Tọ́ọ̀kì ńkọ́? Òun ni agbára tí ẹ́ńjìnnì fi ń yí ọ̀pá, bí ìgbà tí mẹkáníìkì ń fi sípánà yí nọ́ọ̀tì tó le. Bí a bá fi bí ọ̀pá náà ṣe ń yí kíákíá tó sọ tọ́ọ̀kì di púpọ̀, agbára ẹṣin la rí. Ti Ìjàpá jẹ́ bíi Newton-mítà (òṣùwọ̀n tọ́ọ̀kì) 106, ti 504 bíi 160, 504 sì ń rí i láìjẹ́ pé ẹ́ńjìnnì rẹ̀ pariwo. Ẹni tó bá ti fi ọkọ̀ tó kún gun òkè rí á mọ ohun tí mò ń wí.

Ẹ ṣọ́ra fún ìwé Amẹ́ríkà àtijọ́ o. Ẹ́ńjìnnì 1600 yìí kan náà ni wọ́n ní ó ní ẹṣin 60 níbẹ̀, torí wọ́n máa ń wọn ẹ́ńjìnnì ní ìhòòhò, láìsí àwọn nǹkan tó ń jẹ lára agbára rẹ̀. Ẹ má fi 60 yẹn wé 93 ti Faransé.

Ohun tí Ìjàpá sì fi ń yangàn kò sí nínú nọ́ńbà kankan níbí. Atẹ́gùn ló ń tu ẹ́ńjìnnì rẹ̀ lára, kò ní rédíétọ̀ tí omi ti lè hó. Ẹ̀yìn ni ẹ́ńjìnnì náà wà, lórí táyà tó ń wa ọkọ̀, nítorí náà ó máa ń di ilẹ̀ mú dáadáa nínú ẹrẹ̀.