Orí yíyàn nínú èrò Yorùbá

Orí yíyàn ni ọ̀nà tí àwọn Yorùbá gbà ṣàlàyé ìdí tí ènìyàn fi wá sáyé àti ohun tí ó wá ṣe. Nínú ìgbàgbọ́ yìí, ẹnìkan kì í ṣàdédé bọ́ sáyé. Oníkálukú ti kúnlẹ̀ yan ìpín tirẹ̀ lọ́run kí a tó bí i, ṣùgbọ́n kò rántí ohun tí ó yàn mọ́ lẹ́yìn tí ó ti kọjá lọ́dọ̀ oníbodè. Ẹni tí ń wádìí ìdí tí òun fi wà láyé, ohun tí òun fúnra rẹ̀ ti yàn ni ó ń wá. Ẹsẹ Ifá ni orísun tí ó kún jù lọ fún ọ̀rọ̀ yìí, pàápàá Odù Ògúndá Méjì, èyí tí Wándé Abímbọ́lá gbà sílẹ̀ lẹ́nu àwọn babaláwo tí ó sì ṣàlàyé rẹ̀ fún àwọn òǹkàwé òde òní. UNESCO kéde Ifá gẹ́gẹ́ bí ọ̀kan lára ogún àṣà aráyé ní 2005, wọ́n sì fi orúkọ rẹ̀ sínú àkójọ wọn ní 2008.

Nígbà tí a bá ń dá ènìyàn, Òrìṣà-ńlá ni ó ń mọ ara, Olódùmarè ni ó ń fún un ní ẹ̀mí, Àjàlá, amọ̀kòkò ọ̀run, ni ó sì ń mọ orí. Orí tí à ń sọ yìí kì í ṣe èyí tí irun ń hù sí. Orí inú ni, ojú kò sì rí i láti mọ èyí tí ó dára yàtọ̀ sí èyí tí kò dára, ìdí nìyí tí wọ́n fi ń sọ pé orí burúkú kì í wú tuulu. Ọ̀rọ̀ mẹ́ta ni a sábà máa ń gbọ́ nípa ìpín: àkúnlẹ̀yàn, àkúnlẹ̀gbà àti àyànmọ́. Bọ́lájí Ìdòwú, nínú ìwé rẹ̀ ti 1962 lórí Olódùmarè, gbà pé ọ̀nà mẹ́ta tí ìpín kan náà ń gbà tẹni lọ́wọ́ ni wọ́n. Àwọn mìíràn kà wọ́n sí ẹ̀yà ìpín mẹ́ta tí ó yàtọ̀ síra, tí àyànmọ́ nìkan jẹ́ èyí tí a kò lè yí padà nínú wọn.

Ìtàn ilé Àjàlá

Ògúndá Méjì sọ pé àwọn ọ̀rẹ́ mẹ́ta kan ń ti ọ̀run bọ̀ wá sáyé: Orísèékú ọmọ Ògún, Oríléémèrè ọmọ Ìja, àti Afùwàpẹ́ ọmọ Ọ̀rúnmìlà. Wọ́n kìlọ̀ fún wọn pé ilé Àjàlá ni kí wọ́n forí lé tààrà, kí wọ́n má yà síbì kankan lọ́nà, ì báà ṣe ilé baba wọn. Nígbà tí Orísèékú gbúròó Ògún níbi tí ó ti ń múra ogun, ó fẹ́ yà, àwọn yòókù sì rán an létí ìkìlọ̀, ó bá kọjá. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n dé ilé Ọ̀rúnmìlà, tí Afùwàpẹ́ gbọ́ tí baba rẹ̀ ń fi ìrọ́kẹ́ lu ọpọ́n Ifá, ó ní òun kò lè ṣàì wọlé kí i. Àwọn méjì yòókù bá tiwọn lọ.

Wọn kò bá Àjàlá nílé. Nígbà tí wọ́n dúró tí wọn kò rí i, wọ́n lọ síbi tí orí pọ̀ sí, wọ́n sì mú èyí tí ó wù wọ́n. Àjàlá ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ èyí tí Orísèékú mú ni, kò tíì fi iná sun ún. Ti Oríléémèrè tóbi, ó wuyì, ṣùgbọ́n ó ti fọ́ níbìkan tí kò hàn. Òjò pa wọ́n bí wọ́n ti ń bọ̀ wá sáyé, ó sì ń fọ orí wọn lọ díẹ̀díẹ̀. Nígbà tí wọ́n dé, wọ́n ṣiṣẹ́ títí, èrè kò yọ, nítorí gbogbo ohun tí wọ́n ń rí ni wọ́n fi ń tún ibi tí ó bàjẹ́ lára orí wọn ṣe.

Ní ti Afùwàpẹ́, wọ́n ti dífá fún un ní ilé baba rẹ̀, wọ́n sì ní kí wọ́n fi owó àti iyọ̀ rúbọ. Wọ́n fún un ní díẹ̀ nínú méjèèjì mú dání. Ó bá oníbodè níbi tí ó ti ń fi eérú se ọbẹ̀ ní ipò iyọ̀, ó bu iyọ̀ fún un, inú oníbodè dùn, ó sì tẹ̀ lé e lọ sílé Àjàlá. Onígbèsè paraku ni Àjàlá. Orí àjà ni ó sá pamọ́ sí nítorí ẹni tí ó wá sin gbèsè. Afùwàpẹ́ san gbèsè náà. Àjàlá sọ̀ kalẹ̀, ó mú ọ̀pá irin, ó sì ń fi lu àwọn orí náà wò títí ó fi rí èyí tí ó le. Òjò pa Afùwàpẹ́ náà, orí rẹ̀ kò yingin.

Nígbà tí ayé Afùwàpẹ́ dára, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń sunkún pé, “Èmi ò mọ ibi olórí gbé yan orí o, m̀ bá lọ yan tèmi.” Ó dá wọn lóhùn pé, “Ibìkan náà la gbé yan orí o, kádàrá ò papọ̀ ni.”

A sábà máa ń sọ ìtàn yìí bí ẹni pé àyànmọ́ nìkan ni ó dá lé lórí, bẹ́ẹ̀ ó ju bẹ́ẹ̀ lọ. Afùwàpẹ́ kò mọ orí yàn ju àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ lọ. Òun nìkan tilẹ̀ ni ó tàpá sí ìkìlọ̀ pé kí wọ́n má yà. Ohun tí ó gbà á ni pé ó béèrè, ó rúbọ, ó sì tú ọwọ́ sílẹ̀ fún àwọn tí ó bá lọ́nà.

Ire, ẹsẹ̀ àti ìwà

Ohun tí ẹsẹ Ifá máa ń kà sí ire ayé ni owó, ọkọ tàbí aya, ọmọ, àti àìkú tí í ṣe baba ìwà. Àwọn tí ń dojú ìjà kọ ire wọ̀nyí ni ajogun mẹ́jọ: ikú, àrùn, òfò, ẹ̀gbà, ọ̀ràn, èpè, ẹ̀wọ̀n àti èṣe. Orí rere kò sì tó láti ṣẹ́gun wọn bí ẹsẹ̀ kò bá sí níbẹ̀. Ẹsẹ Ifá kan sọ pé gbogbo orí péjọ, wọ́n gbìmọ̀ nǹkan, wọn kò pe ẹsẹ̀ sí i, ìmọ̀ràn wọn kò sì yọrí sí rere. Ẹsẹ̀ níhìn-ín ni iṣẹ́ àti akitiyan.

Ẹsẹ Ifá mìíràn gba ibòmíràn pátápátá: “Orí kan kì í burú lótù Ifẹ̀, ìwà nìkan ló ṣòro.” Bí èyí bá rí bẹ́ẹ̀, a jẹ́ pé orí Orísèékú kò burú nìyẹn. Ifá gbé ohùn méjèèjì dání, kò sì parí ìjà láàárín wọn. Àwọn òǹkọ̀wé tí ń fi agbára mú wọn bára mu máa ń dín agbára ọ̀kan nínú wọn kù. Ìwà yìí kan náà ni ìtàn kan pè ní aya Ọ̀rúnmìlà, ẹni tí ọkọ rẹ̀ lé jáde nílé tí ó sì ń wá káàkiri lẹ́yìn náà.

Bí a ṣe ń wá ìpín

Nítorí pé Ọ̀rúnmìlà wà níbẹ̀ nígbà tí oníkálukú ń yan orí, ẹlẹ́rìí ìpín ni à ń pè é, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni a sì ti ń wádìí. Láàárín ọjọ́ díẹ̀ tí a bí ọmọ ni a máa ń ṣe àkọsẹ̀jayé, kí àwọn òbí lè mọ irú ẹni tí ó wá sọ́dọ̀ wọn, iṣẹ́ tí ó bá orí rẹ̀ mu àti èèwọ̀ rẹ̀. Bí ó bá dàgbà, yóò máa bọ orí rẹ̀ fúnra rẹ̀, nítorí kò sí òòṣà tíí dáni gbè lẹ́yìn orí ẹni.

Sámúẹ́lì Johnson, tí ó parí ìwé ìtàn Yorùbá rẹ̀ ní 1897 (1921 ni a tó tẹ̀ ẹ́), kọ ọ́ pé owó ẹyọ 41 tí a so pọ̀ bí adé ni ó dúró fún orí, tí a sì ń gbé e pamọ́ sínú ilé orí, àpótí kan tí a fi owó ẹyọ ṣe. Bí agbára olówó bá ti tó ni ilé orí rẹ̀ ń tóbi tó. Òmíràn ń gba 12,000 owó ẹyọ, oníṣẹ́ awọ tí ó ṣe é yóò sì gba iye kan náà fún iṣẹ́ ọwọ́. Bí ẹni tí ó ni ín bá kú, wọn a tú ilé orí náà ká, wọn a sì ná owó ẹyọ rẹ̀.

Àwọn Mùsùlùmí Yorùbá ní kádàrá tiwọn, nítorí ìgbàgbọ́ nínú àkọsílẹ̀ Ọlọ́run jẹ́ ọ̀kan nínú òpó ìgbàgbọ́ mẹ́fà. Ọ̀pọ̀ Kristẹni kò bọ orí mọ́, síbẹ̀ “orí mi má kọ̀ mí” kò kúrò lẹ́nu wọn.

Ọ̀rọ̀ yìí kọjá òkun pẹ̀lú àwọn tí a kó lẹ́rú. Ní Bàrásílì, borí ni wọ́n ń pe ètùtù tí a ń ṣe fún orí nínú Candomblé, ẹ̀sìn òrìṣà tiwọn, ó sì máa ń ṣáájú kí a tó fi ẹnìkan jẹ ìyàwó òrìṣà. Ní Kúbà, ní ọjọ́ kẹta tí ẹnìkan bá gba òrìṣà sórí ni wọ́n ń ṣe ìtá: wọ́n á fi owó ẹyọ yẹ ọ̀nà ayé rẹ̀ wò, wọ́n á sì kọ èèwọ̀ àti ìkìlọ̀ rẹ̀ sínú ìwé kan tí yóò máa tọ́jú.

Láàárín àwọn onímọ̀ ọgbọ́n orí, ìbéèrè tí ó ń fa àríyànjiyàn jù ni bóyá ẹni tí kò rí inú ohun tí ó ń yàn yàn án lóòótọ́, àti bóyá ó tọ́ kí a bá Oríléémèrè wí nítorí orí tí Àjàlá fúnra rẹ̀ mọ tí kò dára. Ṣẹ́gun Gbádégẹ̀ṣin, nínú ìwé rẹ̀ ti 1991, sọ pé ìpín ẹnìkan kò dá dúró, ti ìdílé àti ti àwùjọ so mọ́ ọn. Ọládélé Balógun ní tirẹ̀ jiyàn ní 2007 pé ẹbọ àti ẹsẹ̀ fi hàn pé àwọn Yorùbá kò gbà pé gbogbo nǹkan ti parí lọ́run, nítorí náà ènìyàn ṣì ní láti jíhìn fún ìwà rẹ̀.