Òpó Bààlúù Alápá Méjì: Ohun Tó Jẹ́ àti Bí A Ṣe Ń Tò Ó Lára Bààlúù Àwòṣe

Ẹni tó bá ṣí páálí bààlúù àwòṣe alápá méjì, èyíinì ni bààlúù tí apá rẹ̀ kan wà lókè èkejì, fún ìgbà àkọ́kọ́ yóò bá àwọn ọ̀pá ike tẹ́ẹ́rẹ́ kan níbẹ̀, tí wọn kò nípọn ju igi ìṣáná lọ, tí wọ́n ṣì so mọ́ férémù ike pẹ̀lú nọ́ńbà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ìwé ìlànà inú páálí ń pè wọ́n ní strut. Èmi ń pè wọ́n ní òpó. Àwọn ọmọ iléèwé tó máa ń wá bá mi to bààlúù nílé ní Adó-Èkìtì lọ́sàn-án Sátidé ló mú kí n wá àlàyé tó yéni fún ọ̀rọ̀ náà. Ọ̀kan nínú wọn mú òpó kan dání, ó ní, "Bọ̀dá, ṣé kì í ṣe ẹ̀ṣọ́ lásán ni èyí? Ẹ jẹ́ ká fi í sílẹ̀." Mo bi í pé orí kí ni apá òkè yóò wá jókòó lé. Ó wo òfìfo tó wà lókè bààlúù náà títí, ó sì bú sẹ́rìn-ín.

Kò yẹ kí òpó ṣàjèjì sí ará Èkìtì. Ọlọ́wẹ̀ Ìsẹ̀, ọmọ Ẹ̀fọ̀n-Alààyè tó fi Ìsẹ̀ ṣe ibùgbé, gbẹ́ òpó sí ààfin Ògògà ní Ìkẹ́rẹ́ láàárín ọdún 1910 sí 1914, ọ̀kan nínú wọn sì wà ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé Art Institute ní ìlú Chicago lónìí. Ọdún méjì péré lẹ́yìn náà, ní oṣù Kejìlá ọdún 1916, ni bààlúù Sopwith Camel, tí n ó máa fi ṣe àpẹẹrẹ nínú àlàyé yìí, kọ́kọ́ fò ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Igi ló pọ̀ jù nínú egungun Camel, aṣọ ni wọ́n sì fi bò ó, nítorí náà iṣẹ́ gbẹ́nàgbẹ́nà ni òpó tirẹ̀ náà.

Ṣùgbọ́n òpó ilé àti òpó bààlúù kì í ṣe iṣẹ́ kan náà. Ẹrù tó ń tẹ òpó ilé, láti òkè ló ti ń wá, kì í sì í yí padà. Nígbà tí bààlúù bá wà lójú ọ̀run, afẹ́fẹ́ ni ó ń gbé apá méjèèjì sókè, débi pé ṣóńṣó apá fẹ́ ká sókè bí etí ìwé. Wáyà tí wọ́n ta láti ìsàlẹ̀ ara bààlúù lọ sí ìta apá òkè ni kò jẹ́ kó ká, nítorí pé ó ń fà á padà. Bí wáyà náà sì ṣe ń fà, òpó tó dúró láàárín apá òkè àti apá ìsàlẹ̀ ni kò jẹ́ kí méjèèjì pàdé. Nígbà tí bààlúù bá sọ̀kalẹ̀, tí ìwúwo apá wá ń fa ara rẹ̀ sílẹ̀, wáyà mìíràn, èyí tí wọ́n ta láti òkè àárín lọ sí ìta apá ìsàlẹ̀, yóò gba iṣẹ́ náà ṣe. Wáyà kò mọ̀ ju kó fà, òpó kò sì mọ̀ ju kó tì. Ìdí nìyẹn tí a fi ń rí wáyà tó gbé ara wọn lé àgbélébùú láàárín òpó méjì-méjì. Àwọn tó ń ṣe afárá ọkọ̀ ojú irin ni wọ́n kọ́kọ́ mọ ọgbọ́n yìí. Octave Chanute, onímọ̀ ẹ̀rọ afárá ní Amẹ́ríkà, mú un wá sára bààlúù aláìlẹ́ńjìnnì alápá méjì rẹ̀ ní ọdún 1896, àwọn ọmọ Wright, tẹ̀gbọ́n-tàbúrò ará Amẹ́ríkà tó ṣe bààlúù, sì lò ó lára èyí tí wọ́n fi fò ní ọjọ́ 17 oṣù Kejìlá ọdún 1903.

Oríṣi òpó méjì ni ó wà. Àwọn kúkúrú tó dúró lórí ara bààlúù, níwájú ibi ìjókòó awakọ̀, tí wọ́n gbé àárín apá òkè, ni ìwé ìlànà ń pè ní cabane. Èmi ń pè wọ́n ní òpó àárín. Àwọn gígùn tó wà lọ́nà ìta, láàárín apá sí apá, ni mo ń pè ní òpó ìta. Mẹ́rin-mẹ́rin ni Camel ní nínú oríṣi kọ̀ọ̀kan. Òpó àárín kéré lójú, ṣùgbọ́n òun ni ọba, nítorí pé bí ó bá yẹ̀, kò sí ohun tí òpó ìta lè ṣe tí apá òkè fi máa tọ́.

Ohun tó mú kí òpó ṣòro láti tò ni pé òpó kan ṣoṣo ló ń pinnu nǹkan mẹ́rin lẹ́ẹ̀kan náà. Gígùn rẹ̀ ló ń sọ bí apá òkè ṣe jìnnà sí ti ìsàlẹ̀ tó. Bí ó ṣe fì síwájú tàbí sẹ́yìn ló ń sọ bóyá apá òkè yọ síwájú ju ti ìsàlẹ̀ lọ, èyí tí wọ́n ń pè ní stagger. Apá òkè ló sábà máa ń ṣíwájú, bíi ti Camel, ṣùgbọ́n ti Beechcraft 17 tó kọ́kọ́ fò ní ọdún 1932, apá ìsàlẹ̀ ni ó wà níwájú. Ẹni tó bá gbà pé gbogbo bààlúù alápá méjì rí bákan náà yóò da tirẹ̀ rú pátápátá. Ìyàtọ̀ gígùn òpó iwájú sí ti ẹ̀yìn ló ń sọ bí etí iwájú apá ṣe gbórí sókè tó láti gba afẹ́fẹ́. Èyí tó kẹ́yìn ni dihedral. Ẹ na ọwọ́ méjèèjì sí ẹ̀gbẹ́ kí ó tẹ́jú pẹ̀lú èjìká, kí ẹ wá gbé ìka sókè díẹ̀: bí apá bààlúù púpọ̀ ṣe rí nìyẹn tí ẹ bá wò wọ́n láti iwájú, òun ni kì í jẹ́ kí wọ́n tètè fì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

Lára Camel, apá òkè tẹ́jú gbọnrangandan, nítorí pé wọ́n fẹ́ kí ó rọrùn láti kàn. Apá ìsàlẹ̀ ni wọ́n wá gbé sókè ní dígírì 5 láti fi dí i. Èyí túmọ̀ sí pé àlàfo tó wà láàárín apá méjèèjì ń kéré sí i bí a ṣe ń lọ sí ìta. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni kò ṣàkíyèsí èyí. Wọ́n á rí i pé òpó ìta kò gùn tó bí wọ́n ṣe rò, wọ́n á ní ilé iṣẹ́ tó ṣe é ṣàṣìṣe, wọ́n á wá fi ike lé e gígùn.

Ẹ jẹ́ ká fi ìṣirò wò ó. Apá Camel gùn ní mítà 8.53 láti ṣóńṣó dé ṣóńṣó. Ní ìwọ̀n 1/48, èyíinì ni pé a ṣẹ́ gbogbo rẹ̀ sí ọ̀nà 48 tí a sì mú ọ̀kan, ó di nǹkan bíi mìlímítà 178. Ìdajì rẹ̀ jẹ́ 89. Tí apá ìsàlẹ̀ bá ga ní dígírì 5, ṣóńṣó rẹ̀ gbọ́dọ̀ fi nǹkan bíi mìlímítà 7 sí 8 ga ju ìdí rẹ̀ lọ. Bí ẹ bá wá ṣìṣe ní dígírì kan péré, ṣóńṣó náà yóò fi mìlímítà kan àti ààbọ̀ yẹ̀ kúrò ní àyè rẹ̀. Ìyẹn kò tó nǹkan létí, ṣùgbọ́n ojú ènìyàn máa ń yára rí apá tó wọ́, bí ó ṣe máa ń yára rí férémù àwòrán tí kò tọ́ lára ògiri.

Gọ́ọ̀mù ni mo fẹ́ pẹ́ lé lórí, nítorí ibẹ̀ ni mo ti jìyà. Gọ́ọ̀mù olómi tí wọ́n ṣe fún ike àwòṣe kì í lẹ nǹkan bíi gọ́ọ̀mù ìwé. Ńṣe ni ó ń yọ́ ojú ike méjèèjì, tí wọ́n á sì di ọ̀kan nígbà tí omi rẹ̀ bá fẹ́ lọ. Nítorí náà, ike gbọ́dọ̀ kan ike. Bí ọ̀dà bá wà láàárín, ọ̀dà ni yóò yọ́, òpó náà yóò sì ṣí kúrò bí èépá. Ẹ fi ẹnu abẹ fá ọ̀dà kúrò ní orí òpó àti nínú ihò tó máa wọ̀, tàbí kí ẹ ti fi pépà téèpù bo ihò náà kí ẹ tó kun apá. Àǹfààní gọ́ọ̀mù yìí ni pé ó ń fúnni láyè ìṣẹ́jú mélòó kan láti ti òpó síwá sẹ́yìn. Súpá gúlúù kò fúnni láyè kankan. Bààlúù mi àkọ́kọ́, súpá gúlúù ni mo lò láti òkè délẹ̀, nítorí pé òun ni gbogbo àwọn tó ń tún fóònù ṣe ní ọjà ń tà. Òpó àárín mẹ́ta jókòó dáadáa, ìkẹrin gan nígbà tí mo ṣì ń wá ihò rẹ̀, apá òkè sì jókòó bíi fìlà tí ọ̀mutí dé. Ó ṣì wà lórí àpótí ìwé mi, mi ò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbé e kúrò.

Ẹ jẹ́ ká wá gba iṣẹ́ náà ní ẹsẹẹsẹ. Apá ìsàlẹ̀ ni a kọ́kọ́ ń lẹ̀ mọ́ ara bààlúù, tí a ó kó ègé páálí sábẹ́ ṣóńṣó méjèèjì títí tí wọn yóò fi dé gíga tí ìṣirò sọ, tí a ó sì fi sílẹ̀ di ọjọ́ kejì. Kí apá òkè tó débẹ̀ rárá ni ó ti yẹ kí a kun gbogbo rẹ̀, kí a sì fi ìdáhò tẹ́ẹ́rẹ́ lu àwọn ihò tí wáyà máa gbà, nítorí pé lẹ́yìn tí òpó bá ti dúró tán, ọwọ́ kì í wọ àárín mọ́. Lẹ́yìn èyí, a ń ṣe ohun tí yóò di apá òkè mú nígbà tí gọ́ọ̀mù bá ń gbẹ. Mo máa ń mú àwòrán ẹ̀gbẹ́ bààlúù tó wà nínú ìwé ìlànà lọ sí ọ̀dọ̀ àwọn tó ń ṣe fọ́tòkọ́pì ní ọ̀nà Ìwòròkò, kí wọ́n bá mi sọ ọ́ di ìwọ̀n gan-an tí àwòṣe náà jẹ́. Mo ń lẹ̀ ẹ́ mọ́ páálí líle, mo sì ń gé ojú ihò méjì sí i níbi tí apá òkè àti ti ìsàlẹ̀ wà nínú àwòrán. Páálí méjì bẹ́ẹ̀, ọ̀kan lápá ọ̀tún, ọ̀kan lápá òsì, ló ń di àlàfo mú, òun náà ló sì ń di ìyọsíwájú mú.

Nígbà tí ó bá yá, mo ń da iṣẹ́ náà dojú dé. Apá òkè Camel tó tẹ́jú yẹn di àǹfààní fún wa níhìn-ín, nítorí pé ojú tábìlì fúnra rẹ̀ ni yóò jẹ́ kí ó tọ́: a ó fẹ̀yìn apá náà lélẹ̀, a ó sì fi pépà téèpù dì í mú. Mo ń fi ẹyọ ìgbálẹ̀ kan tọ́ gọ́ọ̀mù olómi díẹ̀ sí ìdí òpó àárín mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, mo ń gbé wọn dúró lórí ara bààlúù, kí ó tó gan ni mo sì ń yí bààlúù náà dojú dé sórí apá òkè, kí orí òpó kọ̀ọ̀kan wá ihò tirẹ̀ rí. Páálí ń dì wọ́n mú lẹ́gbẹ̀ẹ́. Àsìkò tí gọ́ọ̀mù ṣì rọ̀ yìí ni gbogbo iṣẹ́ wà. Ẹ wò ó láti iwájú, ẹ wò ó láti òkè, kí ẹ wá mú òwú kan, kí ẹ fi wọ̀n láti ìdí ìrù bààlúù dé ṣóńṣó apá òkè lọ́tùn-ún, kí ẹ tún fi òwú kan náà wọ̀n ti òsì. Bí méjèèjì kò bá dọ́gba, apá náà ti wọ́. Òwú yìí wúlò jù lọ fún Tiger Moth ọdún 1931, tí wọ́n gbé apá òkè rẹ̀ síwájú kí ẹni tó jókòó níwájú lè rí ọ̀nà fò jáde pẹ̀lú páráṣúùtì, tí wọ́n sì wá fa ṣóńṣó apá sẹ́yìn kí ìwọ̀n rẹ̀ má bàa dàrú. Nígbà tí etí apá kò bá tọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀, ojú lásán kò lè sọ bóyá ó wọ́.

Òpó ìta ni a ń fi sí kẹ́yìn, lẹ́yìn tí òpó àárín bá ti gbẹ pátápátá. A ó ya apá méjèèjì sọ́tọ̀ díẹ̀, kí a fi òpó sínú ihò òkè, kí a sì jẹ́ kí ìsàlẹ̀ rẹ̀ wọlé fúnra rẹ̀. Bí ó bá ń fẹ́ ipá, ẹ dúró. Òpó náà kọ́ ni ó yẹ kí ẹ gé, nǹkan kan ti yẹ̀ níbì kan. Níhìn-ín ni súpá gúlúù ti wúlò, ẹ̀kán kan péré sí ìdí òpó tó ti jókòó tán. Ẹ rántí pé ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ ló ń mú un gan, nítorí náà ní àkókò ọyẹ́ ó máa ń lọ́ra, nígbà tí òjò bá sì ń rọ̀ ó máa ń yá, ó sì lè fi funfun bí ìyẹ̀fun sára ọ̀dà.

Ti wáyà kò gùn. Okùn ìwọ̀ ẹja tó tẹ́ẹ́rẹ́ jù lọ dára, ẹ gbà á láti inú ihò apá kan dé èkejì, ẹ fi pẹ́ẹ̀gì aṣọ kọ́ sí ìdí rẹ̀ kí ó fà, ẹ kán gọ́ọ̀mù sí i, kí ẹ sì gé èyí tó kù nígbà tó bá gbẹ. Ọ̀tún àti òsì ni kí ẹ máa ṣe ní méjì-méjì, nítorí pé bí ẹ bá parí ọ̀tún kí ẹ tó bọ́ sí òsì, okùn náà lè fa apá tí òpó ti mú tọ́ wọ́ padà.