Kí Ló Ń Gbé Ẹ̀jẹ̀ Aláboyún Ga?

Ìbéèrè: Ìyàwó mi kò ní ẹ̀jẹ̀ ríru rí. Oyún rẹ̀ ti wọ oṣù keje, kò sì sí ibi tó ń dùn ún, síbẹ̀ wọ́n ní ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ti ga. Báwo ni ó ṣe jẹ́?

Ìdáhùn: Oyún fúnra rẹ̀ lè fà á, lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ 20 ni irú èyí sì sábà máa ń fojú hàn. Bí ọmọ ṣe ń dàgbà, ó yẹ kí àwọn iṣan tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ ìyá lọ sí ibi ọmọ fẹ̀ dáadáa, kí oúnjẹ àti afẹ́fẹ́ lè máa tó ọmọ lọ́wọ́. Lára àwọn aláboyún kan, àwọn iṣan náà kì í fẹ̀ tó, ibi ọmọ tí ẹ̀jẹ̀ kò kárí á wá máa tú àwọn èròjà sínú ẹ̀jẹ̀ ìyá, èyí tó ń ṣe iṣan ẹ̀jẹ̀ lọ́ṣẹ́ káàkiri ara rẹ̀, títí kan ti kíndìnrín, ẹ̀dọ̀ àti ọpọlọ. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni nínú ẹbí sọ pé ìwà rẹ̀ tàbí oúnjẹ tó jẹ ló fà á.

Ìbéèrè: Ta ni ó sábà máa ń ṣe?

Ìdáhùn: Ó wọ́pọ̀ jù lára ẹni tó lóyún fún ìgbà àkọ́kọ́, ẹni tó ti ṣe nínú oyún tẹ́lẹ̀, ẹni tó ṣe ìyá tàbí ẹ̀gbọ́n rẹ̀, àti ẹni tó ní àtọ̀gbẹ tàbí àìsàn kíndìnrín. Oyún ìbejì náà wà níbẹ̀, èyí sì kàn wá gbọ̀ngbọ̀n, nítorí ilẹ̀ Yorùbá wà lára ibi tí wọ́n ti ń bí ìbejì jù lágbàáyé, bí gbogbo ayé ṣe mọ Ìgbó-Ọrà sí. Kí irú aláboyún bẹ́ẹ̀ tètè bi dókítà bóyá aspirin oníwọ̀n kékeré, tí a sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ 12 láti dín ewu náà kù, yẹ fún òun. Kí ó má ṣe dá a lò.

Ìbéèrè: Kí ló dé tí wọ́n fi ń gba ìtọ̀?

Ìdáhùn: Nítorí pé kíndìnrín tí àìsàn yìí bá ti pa lára a máa jẹ́ kí purotéènì jò sínú ìtọ̀. Bí ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ bá dé 140/90, tí purotéènì sì wà nínú ìtọ̀, ọ̀rọ̀ ti kúrò ní kékeré. Ẹsẹ̀ wíwú nìkan kò fi bẹ́ẹ̀ sọ nǹkan, ṣùgbọ́n ojú àti ọwọ́ tó wú lójijì, orí fífọ́ tí kò lọ, ojú tó ń ṣe bàìbàì, tàbí inú rírun lábẹ́ egungun ìhà ọ̀tún kò gbọ́dọ̀ di ọjọ́ kejì kí a tó dé ilé ìwòsàn.

Ìbéèrè: Ṣé òótọ́ ni pé gìrì tó ń gbé aláboyún kì í ṣe ojú lásán?

Ìdáhùn: Kì í ṣe iṣẹ́ ọwọ́ ayé. Ẹ̀jẹ̀ ríru yìí kan náà ló dé ọpọlọ, ó sì ní oògùn. Ìwádìí ńlá kan tí wọ́n tẹ̀ jáde ní ọdún 2002, tí àwọn aláboyún ilẹ̀ Nàìjíríà wà nínú rẹ̀, fi hàn pé abẹ́rẹ́ magnesium sulphate ń dín ewu gìrì náà kù ju ìdajì lọ. Ẹ má ki ṣíbí bọ̀ ọ́ lẹ́nu. Ẹ yí i sí ẹ̀gbẹ́ òsì, kí ẹ sì gbé e lọ sí ilé ìwòsàn kíákíá. Ó ń dùn mí púpọ̀ pé àkókò tó yẹ kí a fi gba abẹ́rẹ́ yìí ni ọ̀pọ̀ ẹbí fi ń wá ẹni tó ṣe é.

Ìbéèrè: Ṣé bó bá ti bímọ, ó ti parí?

Ìdáhùn: Rárá. Ìbí ọmọ àti ibi ọmọ ni ìwòsàn rẹ̀, ṣùgbọ́n ewu ṣì wà títí di ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, pàápàá láàárín ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, ìyẹn àkókò tí gbogbo ilé ń múra ìsọmọlórúkọ. Àìsùn àti èrò tó kún ilé ni a sábà máa ń dá lẹ́bi fún orí tó ń fọ́ ìyá ọmọ. Bó bá jẹ́ òwúrọ̀ ìkómọ gan-an ni orí náà bẹ̀rẹ̀, kí wọ́n kọ́kọ́ lọ yẹ ìfúnpá rẹ̀ wò. Àlejò lè dúró.